Ìkòkò Aró Tí Ìyá Rẹ Jókòó Lé

Bẹyẹrúnkà,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun àárọ̀.

Sìdíkátù ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Àwáwù,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Mo kà á lórí ìdúró, mo tún kà á lórí ìjókòó, mo sì ké sí Gàníyù ọ̀rẹ́ mi láti ìsọ̀ rẹ̀ ní òdìkejì ọ̀nà pé kó wá gbọ́. Nígbà tí mo kà á dé ibi tí o ti sọ pé àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí yín ní Ṣakí fẹ́ fi ọ́ ṣe aṣíwájú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nítorí Ọlọ́run, Gàníyù ṣí fìlà, ó fi gbá orúnkún rẹ̀, ó ní, "Ọmọ Dànù ti dàgbà." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí tí oníbàárà tó wá wọn ṣòkòtò fi béèrè bóyá wọ́n ti fi wá jẹ oyè ni.

O bi mí ní nǹkan méjì. O ní ṣé kí o gba iṣẹ́ náà, nígbà tí ọdún ikú ìyá rẹ kò tíì yípo. O tún ní kí n da aró tó wà nínú ìkòkò ìyá rẹ nù, kí n fọ àgbàlá mọ́, torí kò sí ẹni tó ń rẹ aṣọ nílé mọ́, òórùn rẹ̀ yóò sì máa yọ mí lẹ́nu. O fẹ́ gbọ́ èsì kí ọjọ́ Jímọ̀ tó dé, torí ọjọ́ náà ni ẹ ó yan aṣíwájú.

Màá dá ọ lóhùn, ṣùgbọ́n inú ìtàn kan ṣoṣo ni ìdáhùn méjèèjì wà, ìtàn tí èmi àti ìyá rẹ fi pamọ́ fún ọ. Láti ìgbà tí o ti ga dé orúnkún mi lo ti ń béèrè ìdí tí ìyá rẹ fi ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n Dànù. Èmi á ní ìnagijẹ lásán ni. Òun á yí ojú sí ògiri, èjìká rẹ̀ á máa mì. Ẹ̀rín ló ń rín. Lónìí màá sọ ọ́.

Mi ò ju ọmọ ogún ọdún lọ nígbà yẹn. Mo ti ka ìwé mẹ́rin ní abúlé kí bàbá mi tó mú mi wá sí Bẹẹrẹ láti kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ìwé mẹ́rin yẹn ń gùn mí bí ẹṣin. Ní àkókò náà, ẹ̀rù wolé-wolé ju ẹ̀rù ẹkùn lọ ní àdúgbò wa. Bí ó bá ti yọ láti ìsàlẹ̀ Mápó, àwọn obìnrin á ti máa sáré da omi nù. Yóò ti ṣíbí rẹ̀ bọ àmù, ìkòkò omi mímu, bó bá sì rí tanwíjí, ọmọ ẹ̀fọn, yóò kọ ìwé kóòtù, yóò fún onílé, yóò máa bá tirẹ̀ lọ. Iṣẹ́ rere ni, n kò purọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀fọn ń pa ọmọdé. Ṣùgbọ́n èdè òyìnbó ni ìwé náà. Ìyá arúgbó á ká a, á fi sábẹ́ ẹní. Ọjọ́ kóòtù á dé, á kọjá, kò mọ̀. Ọlọ́pàá ni yóò wá mú un gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fojú di ìjọba.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, bí a ti ń jáde láti ibi ìrun, wọ́n ń mú ìyá ládàánì wa lọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa yà sí ẹ̀gbẹ́ kí wọ́n lè ráyè kọjá. Lẹ́mọ́mù wa rí i pé a yà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kò ṣe wàásí gígùn. Ó béèrè iye àwa tí a lè ka ìwé òyìnbó. Àwa méje na ọwọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin méje, ìwé tí ẹ kà kì í ṣe tiyín nìkan." Bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ Àìkú, tí wolé-wolé kì í jáde, a ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. A ń ka ìwé fún àwọn tí kò lè kà á, a ń bá àwọn arúgbó fọ àmù. Bí ọjọ́ kóòtù ẹnikẹ́ni bá sì pé, a óò wọ aṣọ funfun, a óò lọ jókòó sẹ́yìn rẹ̀, kí àwọn adájọ́ lè rí i pé ó ní ènìyàn. Mùsùlùmí o, onígbàgbọ́ o, a kì í bi í. Òfin kan ṣoṣo ni lẹ́mọ́mù fún wa: ohun tí onílé kò bá fi hàn yín, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ Àìkú kẹta tí mo bá wọn jáde, èmi àti Gàníyù ni wọ́n rán sí agbo ilé kan lẹ́yìn Ọjà'ba, lọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Aláró. Wolé-wolé ti fún un ní ìwé. Ọjọ́bọ̀ ni kóòtù. Iṣẹ́ wa kò ju kí a ka ìwé náà fún un kí a sì bá a fọ àmù. Ó ti lọ sọ́jà lọ ra ẹ̀lú, ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin la bá tó ń gbálẹ̀. Ó kí wa, ó ní kí a jókòó de ìyá àgbà, ó sì wọlé lọ bu omi fún wa.

Èmi kò jókòó. Ara mi ń yá. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n kọ́ wa ní ilé kéwú pé omi tí àwọ̀ rẹ̀ bá yí padà, tí adùn rẹ̀ yí padà, tí òórùn rẹ̀ yí padà, kò ṣe é fi ṣe àlùwàlá. Ẹ̀kọ́ náà ń hó lórí mi. Mo bọ́ sí àgbàlá, mo rí ìkòkò ńlá mẹ́ta lábẹ́ àtíbàbà. Mo ṣí ọ̀kan. Òórùn tó kọlù mí, o mọ̀ ọ́n. Ìfófòó wà lójú omi náà, àwọ̀ rẹ̀ kò sì jọ aró rárá, ó dà bí ewé tó ń gbẹ. Ọmọ oko ni mí, Sìdíkátù. Aṣọ aró ni mo mọ̀, n kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bí i. Mo sọ fún Gàníyù pé bí wolé-wolé bá rí èyí, ìyá náà gbé. Gàníyù ní ṣé kí a má bi ọmọbìnrin yẹn ná. Mo ní kí la fẹ́ bi í, ṣé òun kò ní imú ni.

A dà á nù. Omi náà ń ṣàn lọ sí ojú àgbàrá, bí afẹ́fẹ́ sì ti ń fẹ́ sí i ló ń di búlúù. Kí ojú mi tó là, a ti da èkejì. Ọwọ́ wa ti wà lára ìkẹta nígbà tí ọmọbìnrin náà jáde pẹ̀lú igbá omi. Igbá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sáré wá, ó jókòó lé ìdérí ìkòkò kẹta, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ bí ẹni gun ẹṣin, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá fẹ́ da èyí nù, ẹ ó da èmi náà mọ́ ọn."

Àwáwù ìyá rẹ nìyẹn. Bí mo ṣe kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Nígbà tí Ìyá Aláró dé, ó dúró, ó wo omi búlúù tó gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá. Ó wo ọwọ́ mi tó ti di aró dé ìgbọ̀nwọ́. Mo ń retí èpè. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Ó jókòó sórí àpótí. Èpè ìbá sàn. Gàníyù fi ẹsẹ̀ tì mí, mo mú ìwé kóòtù náà, mo kà á. Ìwé náà ní tanwíjí wà nínú àmù rẹ̀. Ó tún ní kí kóòtù pàṣẹ pé kí wọ́n da gbogbo ìkòkò omi tó ń rùn ní àgbàlá rẹ̀ nù, kó má sì tún gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ìyá ìyá rẹ̀ ni Ìyá Aláró ti bá iṣẹ́ yẹn, òun náà kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Mo wá rí i pé ohun tí ìwé náà fẹ́ kí kóòtù ṣe sí i, mo ti bá wọn ṣe ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí Ọlọ́run.

A lọ bá lẹ́mọ́mù. Mo ti ro àwíjàre sílẹ̀, mo ka ohun tí wọ́n kọ́ wa nípa omi fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó tẹ́tí sí mi títí mo fi ṣe tán. Ó ní, "Làmídì, ṣé o fẹ́ fi ṣe àlùwàlá ni?"

Ọmọ mi, fi ìyẹn ṣe ẹ̀kọ́ èkíní. Nínú lẹ́tà rẹ, o ka ohun mọ́kànlá tí o fẹ́ ṣe fún àwọn opó Ṣakí tí àwọn ará ilé ọkọ wọn ń lé jáde. Mo kà wọ́n, orí mi wú, mo sì ń wá ibi tí o kọ ọ́ sí pé ẹnì kan nínú wọn ló ní òun fẹ́ bẹ́ẹ̀. N kò rí i. Lọ jókòó tì wọ́n. Bi wọ́n. Bí wọ́n bá ní kí o jókòó de ìyá àgbà, jókòó. Ohun tó ń rùn sí ọ lè jẹ́ oúnjẹ ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ kejì, mo fẹ́ sá padà sí abúlé. Ọ̀gá mi ní ọwọ́ aláró kò gbọdọ̀ kan aṣọ funfun òun, ó lé mi kúrò nídìí ẹ̀rọ. Bí mo bá ń ṣe àlùwàlá, àwọn ọmọdé á pé jọ wò bóyá ọwọ́ náà á funfun. Kò funfun. Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ṣùgbọ́n lẹ́mọ́mù ti sọ fún mi pé kí n padà lọ bi ìyá náà léèrè ohun tó fẹ́, kí n má fi ìmọ̀ tèmi kún un. Mo lọ, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Nígbà tí mo bi Ìyá Aláró, ó ní eérú ni òun fẹ́.

Eérú! Mo rò pé ohun tí apá mi kò ká ni yóò sọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwa méjèèje ti gbé agbọ̀n kiri gbogbo ilé ìdáná láti Bẹyẹrúnkà dé Oníyanrìn, a tọrọ eérú lọ́wọ́ Mùsùlùmí, a tọrọ lọ́wọ́ àwọn ìyá ìjọ onígbàgbọ́, a kó ti oníbúrẹ́dì. Ìyàwó tíṣà kan ní ṣé àwọn Mùsùlùmí ti ń jẹ eérú ni. Inú wa dùn débi pé a ń kọrin lójú ọ̀nà. Àwáwù kọ́ mi bí a ṣe ń sẹ́ omi eérú díẹ̀díẹ̀, bí a ṣe ń fi ẹ̀lú sí i, bí a ṣe ń rò ó pẹ̀lẹ́. Ó tún kọ́ mi pé ìdí aró àtijọ́ la ń bù sí tuntun kó lè tètè jí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń bu omi ògì tó ti kan sí èyí tí kò tíì kan. Ìkòkò kẹta tó jókòó lé la ti bu ìdí náà. Bí kò bá jókòó ni, ibo la ó ti rí i? Bí mo bá sì ti ń yára ju, á ní, "Ẹ rọra, Ẹ̀gbọ́n Dànù." Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, bí o bá ṣìṣe nínú iṣẹ́ yìí, o ó sì ṣìṣe, padà sí ilé tí o ti ṣìṣe náà. Má lọ máa ṣe dáadáa fún ẹlòmíràn ní òpópónà kejì láti fi gbàgbé. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ẹni tí o ṣẹ̀ ni olùkọ́ rẹ.

Ọjọ́bọ̀ dé. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ ojú ìwé méjì tí n ó sọ ní kóòtù. Ọ̀rọ̀ dídùn ni. Mo ti kà á fún Gàníyù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí wọ́n ti pe Ìyá Aláró, mo dìde pẹ̀lú rẹ̀. Ó fa etí aṣọ mi, ó ní, "Jókòó, ọmọ mi. Ẹnu kò dùn mí." Gbogbo àwa aláṣọ funfun jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ mi búlúù lórí itan mi.

Ó sọ fún àwọn olóyè mẹ́ta tó jẹ́ adájọ́ pé lóòótọ́ ni tanwíjí wà nínú àmù òun, ojú òun ni kò rí i mọ́, òun jẹ̀bi. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ bá mi bi ọ̀gá wolé-wolé. Ǹjẹ́ ó rí tanwíjí nínú ìkòkò aró mi?"

Wọ́n bi í. Ọkùnrin náà kì í ṣe èké. Ó ní òun kò rí i, òórùn ni òun gbọ́.

Ìyá Aláró ní, "Kò lè rí i. Tanwíjí tó bá bọ́ sínú aró ti kú. Kò sí omi tí ẹ̀fọn kórìíra tó o ní gbogbo Ìbàdàn. Tó bá jẹ́ òórùn la fi ń rán ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n, ẹ̀yin bàbá, ta ni yóò kù nílé?"

Olóyè tó jókòó láàárín wo agbádá aró tó wọ̀. Ó gbé etí agbádá náà sí imú. Gbogbo kóòtù wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín, wolé-wolé náà rín in. Wọ́n ní kó máa lọ sílé, kó wá nǹkan bo àmù rẹ̀ dáadáa, kó sì máa rẹ aṣọ rẹ̀.

Mo fi ìwé mi méjèèjì sápò. Kò sí ọ̀rọ̀ yìí nínú rẹ̀, ọmọ mi. Mo ti kọ nípa àánú, nípa ọjọ́ ogbó, nípa Ọlọ́run Ọba. N kò mọ̀ pé ẹ̀fọn kì í gbé inú aró, torí n kò bi í. Má ṣe gba ẹnu ẹni tó ní ẹnu. Ka ìwé wọn fún wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí kan ibi tó korò, lẹ́yìn náà kí o jókòó sẹ́yìn wọn, kí o sì jókòó pẹ́. Ìjókòó yẹn kò rọrùn fún ẹni tó kàwé. Ìwọ gan-an, tíṣà, yóò nira fún ọ ju èmi lọ.

Bí a ti ń bọ̀ láti kóòtù ni mo ronú nípa ohun tí olóyè náà sọ pé kó wá nǹkan bo àmù. Nígbà yìí, mo kọ́kọ́ béèrè! Mo bi Ìyá Aláró bóyá ìborí aṣọ olókùn, èyí tí a lè fà pọ̀ mọ́ ọrùn àmù, yóò wúlò. Ó ní kí n rán an wò. Mo fi àjákù aṣọ rán ọ̀kan. Àdúgbò rí i, wọ́n ń béèrè. Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, àwa aránṣọ mọ́ṣáláṣí wa ń rán ìborí àmù fún ẹni tó bá fẹ́, Àwáwù sì ń rẹ wọ́n láró. Abẹ́ tábìlì wa níbi ìránṣọ yẹn lo ti kọ́ ìrìn. O rántí bí o ṣe ń dé ìborí náà bí fìlà? Wolé-wolé náà fúnra rẹ̀ wá gba mẹ́ta fún ìyá rẹ̀.

Ohun kan ṣì kù. O ní àwọn kan ní Ṣakí sọ pé ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ máa rẹ́rìn-ín, torí ọ̀rọ̀ ìyà ni. Má gbọ́ tiwọn. Ẹni tó bá fi ojú kíkorò wọ ilé opó, ó fi ẹrù kún ẹrù opó náà ni.

Ìdáhùn rẹ wá dé. Nípa ọdún ìyá rẹ: má dúró. Bí ìyá rẹ bá dúró kí ìbẹ̀rù kúrò lára rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn, ìkòkò kẹta ìbá ti lọ. Èmi náà ń sunkún, n kò fi pamọ́. Mo ṣì ń bu omi méjì tí mo bá fẹ́ mu omi, mo ń gbé ọ̀kan padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rẹ́rìn-ín tó dé ikùn láti ọjọ́ tí a sin ín, mo sì mọ̀ pé èjìká òun náà ìbá mì. Gbà á. Sọ fún wọn ní Jímọ̀ pé bàbá rẹ ní kí o gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Nípa aró: ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ayé rẹ̀, tí kò lè dìde mọ́, ó pè mí súnmọ́ ẹní. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìsìnkú ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Dànù, ẹ má da èyí nù o." A rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Láti ìgbà náà, kí n tó ṣí ìsọ̀, mo ń rò ó pẹ̀lẹ́ bó ṣe kọ́ mi, mo ń fún un ní omi eérú. Ìdí tó wà nínú rẹ̀, ti ìkòkò kẹta ni. Kò tíì kú rí láti ọjọ́ tó ti jókòó lé e. Ìwọ ni o kò mọ̀, torí a kò sọ fún ọ. N kò bá ọ wí.

Awakọ̀ tó ń mú lẹ́tà yìí bọ̀ láti Mọ́lété mú kèrègbè kan lọ́wọ́. Ìdí aró ìyá rẹ ni mo bù sínú rẹ̀, mo fi ìborí àmù tó rẹ̀ gbẹ̀yìn dì í lẹ́nu. O kọ ọ́ pé àwọn opó tí wọ́n lé jáde ń wá iṣẹ́ tí wọn ó máa ṣe. Má pàṣẹ aró fún wọn. Bi wọ́n ná. Bí ẹnì kan nínú wọn bá ní òun fẹ́, ẹ wá eérú.

Kèrègbè náà yóò ti máa rùn nígbà tó bá fi dé ọ̀dọ̀ rẹ. Má bẹ̀rù, ó wà láàyè ni.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń fi ọ́ yangàn káàkiri Bẹyẹrúnkà,
Làmídì aránṣọ, Dànù ìyá rẹ.